Ẹni Tó Gbẹ́ Kànga Lásìkò Òjò

Adébùsúyì kọ ọ́ sínú ìwé tó fi gba oyè ní yunifásítì pé àìmọ̀kan ni kì í jẹ́ kí àwa obìnrin ìlú wa lọ bímọ sí ilé ìwòsàn. Ìjọba ìbílẹ̀ ka ìwé náà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí a kò ti mọ iyì nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí wọ́n fún wa, àwọn máa mú un lọ sí ìlú tí wọ́n ti mọ iyì rẹ̀. Ọmọbìnrin mi wà nínú oyún. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn.

Bùsúyì, ìwọ ni mò ń bá wí. Ilé mi lo sùn sí nígbà tí o wá ṣe ìwádìí rẹ, Màámi lo sì ń pè mí, nítorí náà mi ò ní pè ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé. Ọmọ ni mo máa pè ọ́, bí a sì ṣe ń bá ọmọ wí ni mo ṣe máa bá ọ wí. Èmi kò jókòó ní kíláàsì rí. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní oyè kankan lórí rẹ̀. Tí o bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò pa ẹnì kankan. Àkàwé ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí tí mo bá fi ohun tó wà nínú mi gan-an bẹ̀rẹ̀, èébú ni.

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ló ń kọ́. Ó ti bá ọ̀gá rẹ̀ fa okùn, ó ti bá a kó yẹ̀pẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò tí ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ń gba fíríídọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ń gbàdúrà fún wọn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń lọ dá dúró. Òun ló kù tó ṣì ń fọ korobá ọ̀gá.

Àṣà àwọn agbẹ́kànga ìlú náà ni pé ọ̀gá kì í tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ àfi tó bá ti dá kànga kan gbẹ́. Ọmọṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wá ibi tó máa gbẹ́, òun ni yóò sì mọ ìgbà tó máa gbẹ́ ẹ. Ọ̀gá kì í yàn án fún un. Tó bá ti kan omi, ọ̀gá á wá, á fa omi kànga náà, á mu ún lójú gbogbo èèyàn. Ọmọṣẹ́ ti di ọ̀gá nìyẹn.

Ọkùnrin yìí lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun ti mọ irú èyí tí òun fẹ́ gbẹ́. Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga kan tí gbogbo ìlú á máa pọn, tí ẹnu rẹ̀ á fẹ̀ tó pálọ̀ ilé olówó.

Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé kànga lo fẹ́ gbẹ́, àbí o fẹ́ sin erin?"

"Ọ̀gá, mo fẹ́ kí orúkọ mi jáde ni."

"Ó máa jáde. Baba Oníkòtò ni wọ́n á máa pè ọ́. Jọ̀ọ́, lọ wá ẹnu ihò tí apá rẹ ká."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Mi ò bá ọ̀gá wí lórí ìyẹn. Kànga tó bá fẹ̀ jù kì í kan omi; agbára ẹni tó ń gbẹ́ ẹ á ti tán kó tó jìn dé ìbàdí. Ọkùnrin náà gbọ́, ó dín ẹnu kànga náà kù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò bi í pé ta ni òùngbẹ ń gbẹ, kò bi í pé ìgbà wo ló ń gbẹ wọ́n. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Bó ṣe máa tètè parí ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Àdúgbò kan wà lápá òkè ìlú náà tí ojú àwọn obìnrin ibẹ̀ ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ omi. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á gbé korobá lérí, wọ́n á máa rìn lọ sódò títí ìsàlẹ̀ bàtà á fi jẹ. Baálẹ̀ ti ṣèlérí fún wọn pé tí ẹ̀rọ omi ìjọba bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e sí. Ọkùnrin wa gbọ́ ìròyìn wọn. Ó ní ibẹ̀ yẹn gan-an ló dáa. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í yẹ ẹnu ife wò.

Oṣù keje ló lọ síbẹ̀, nígbà tí òjò ti rọ̀ títí tí ilẹ̀ fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà kì í gbẹ́ kànga lójò. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nígbà tí ilẹ̀ bá le tí omi sì ti sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá, nítorí omi tí o bá bá nígbà yẹn kò tún ní ibi tó máa sá lọ mọ́. Lójò, tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ walẹ̀, omi á sun. Ọkùnrin náà mọ èyí. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ ya fọ́tò tirẹ̀ náà kí ọdún tó parí.

Kò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tó fi kan omi. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí jó. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pa adìyẹ fún un. Ọ̀gá dé, ó fa omi, ó mu ún, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣe iṣẹ́." Kò bèèrè bí ihò náà ṣe jìn tó. Kò bèèrè oṣù tí wọ́n wà. Bó ṣe gbé ife sẹ́nu yẹn, òjò ń pa á lórí!

Nígbà tí ẹ̀rọ omi ìjọba dé, baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn. Ó ní àwọn ará òkè ti ní kànga.

Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Obìnrin kan ju korobá sílẹ̀ sínú kànga, ó gbọ́ gbà. Ó fà á sókè. Amọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì jókòó sórí amọ̀ náà, ó ń wò ó bí onílé ṣe ń wo àlejò. Àwọn obìnrin kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sílé baálẹ̀.

"Baba, a ò ní omi o."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga?"

"Ihò la ní, Baba."

"Ẹni tó gbẹ́ ihò yẹn ti gba fíríídọ̀mù lórí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ mu omi rẹ̀ níṣojú mi. Ṣé kí n wá fi ojú mi sílẹ̀ kí n máa fi ẹnu yín ríran ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Alùpùpù tuntun ló gùn wá. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un lórí eékún méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tuntun, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Ó yọjú wo inú kànga. Ó ní, "Ìyá, omi wà níbí nígbà tí mo gbẹ́ ẹ. Ojú mi ni mo fi rí i. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fà á jù?"

"À ń fà á jù kẹ̀? Kí lo gbẹ́ ẹ fún tẹ́lẹ̀? Ká máa kí i káàárọ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kànga ni."

"A ò mọ̀ ọ́n. Ó dáa, ìwọ tó mọ̀ ọ́n, sọ̀ kalẹ̀ kí o gbẹ́ ẹ sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí."

Ọkùnrin náà wo aṣọ ọrùn ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mo ti kúrò ní ọmọṣẹ́." Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin gbé korobá wọn, wọ́n kọrí sódò. Ọ̀nà náà jìn sí i lójú wọn lọ́dún yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ń rìn ín, wọ́n ń retí ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò retí nǹkan kan.

Bùsúyì, ṣé o rí ara rẹ níbẹ̀?

Ọkùnrin yẹn kò parọ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní ó parọ́ ni, wọn ì bá mú un. Ó ní òun rí omi, omi ló sì rí lóòótọ́. Ìwọ náà kò parọ́. O béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá ọ lóhùn, o kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí o yàn láti gbẹ́ àti ìgbà tí o gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ lo ti ṣẹ̀ mí.

Oṣù kejì ọdún lo wá bá wa. Eruku lo bá wọ̀lú. O gun ọ̀kadà gba inú odò Àwẹ̀rẹ̀ kọjá, táyà ọ̀kadà kò tutù. O dé ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì, o bá nọ́ọ̀sì, o bá bẹ́ẹ̀dì, o bá oògùn. O bi wọ́n pé àwọn mélòó ló bímọ níbẹ̀ láàárín ọdún, wọ́n sọ fún ọ, o rí i pé wọn ò pọ̀. Òótọ́ ni, wọn ò pọ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù á sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nìyí. Á bèèrè pé àwọn díẹ̀ tó wá yìí, oṣù wo ni wọ́n wá? Àwọn tí kò wá ńkọ́, oṣù wo ni wọ́n bí tiwọn? Ìwọ kò bèèrè. O wo ọ̀nà, ọ̀nà gbẹ. O wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń bẹ. O ní kò sí ohun mìíràn, àìmọ̀kan ni. O ti fi ìdáhùn sápò kí o tó wá ìbéèrè tó máa bá a mu.

O wá kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. O ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ mọ àǹfààní tó wà nínú kéèyàn bímọ sí ilé ìwòsàn?"

Ìyá Ràfátù, tí kì í rí àlejò kó má fi í ṣẹ̀fẹ̀, ló dá ọ lóhùn. Ó ní, "Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọ́n á gún ẹ lábẹ́rẹ́ nídìí, ọkọ ẹ ò sì ní lè yọ ẹ́ lẹ́nu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí wọ́n ka ẹ̀fẹ̀ Ìyá Ràfátù síta látinú ìwé rẹ nínú ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ní ẹ̀rí àìmọ̀kan wa nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ń mi orí. Ṣé wọn kì í ṣẹ̀fẹ̀ ní yunifásítì ni?

Ìbéèrè burúkú lo béèrè. Ó ti sọ wá di aláìmọ̀kan kí a tó la ẹnu. Tí a bá ní a mọ̀ ọ́n, wà á ní kí ló wá dé tí ẹ kì í lọ, olórí kunkun ni yín. Tí a bá ní a ò mọ̀ ọ́n, o ti rí ohun tí o ń wá. Kò sí ẹnu ọ̀nà kan lára ìbéèrè yẹn tí odò lè gbà wọlé.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí o kò bèèrè fún ọ. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹwàá, odò Àwẹ̀rẹ̀ á kún. Kò sí afárá. Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí o wá, ọmọ mi Wúràọlá rọbí lọ́sàn-án gangan. A gbé e dé etí odò. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ariwo wa, ó sáré jáde sí òdìkejì. A rí aṣọ funfun rẹ̀. A rí bó ṣe ń ju ọwọ́, ó ń kígbe ohun tí a máa ṣe fún wa, ṣùgbọ́n ariwo omi kò jẹ́ ká gbọ́. Orí àpò ni ọmọ mi bímọ sí. Ọmọ náà kò ké. Bùsúyì, Wúràọlá mọ àǹfààní ilé ìwòsàn. Ó ń fi ojú rí òrùlé rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú.

Wúràọlá kan náà ló ń gbé oúnjẹ wá fún ọ nínú ilé mi. O dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìwé rẹ, mo rí i, o kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀ dáadáa. O jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, o kò sì bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mo bi ọ́ ní ọjọ́ tí o ń di ẹrù pé ṣé wà á tún padà wá lójò. Ṣé o rántí èsì tí o fún mi? O ní, "Màámi, wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ tí a gbọ́dọ̀ parí. Àwọn tí a jọ wọlé ti ń jáde."

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ṣì ń wá ohun tí ẹ máa ṣe ìwádìí lé lórí, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má bi mí pé ta ni mí. Ara wa lẹ fi ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu wa. Tí o bá ti mọ ìdáhùn kí o tó kúrò nílé, jókòó sílé rẹ. Má wá da ilẹ̀ wa rú nítorí ohun tí o ti mọ̀. Tí ìbéèrè rẹ bá fẹ̀ débi pé gbogbo obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ló wà nínú rẹ̀, dín in kù. Ṣùgbọ́n má dín in kù síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, dín in kù síbi tó ń dun ẹlòmíràn. Kí o sì bi ara rẹ pé, tí mo bá ṣì í, ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ìwọ kọ́ ni, rọra.

Ìwọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá a tọ́ ìwé náà sọ́nà, mi ò mọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Ìwọ lo mu omi yẹn. Nínú gbogbo ohun tí o bi Bùsúyì, ṣé kò sí ìgbà kankan tí o bi í pé oṣù wo lo lọ síbẹ̀?

Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè kò gùn. Báwo ni aboyún ìlú wa ṣe máa dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tí odò bá kún? Ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn. Mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ o. Ṣé afárá ni? Ta ló máa ṣe é, níbo ló sì máa dúró sí tí omi kò ní gbé e lọ? Ṣé ọkọ̀ ojú omi ni? Ṣé kí nọ́ọ̀sì máa gbé lápá ọ̀dọ̀ tiwa níbí ní gbogbo ìgbà òjò ni, kí àwọn ti òdìkejì wá ṣe báwo? Mi ò mọ̀. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ fi ẹ ṣe? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, tí ó sì ń pa èèyàn, òun ni wọ́n ní kí o wá gbẹ́. O fi í sílẹ̀, o lọ gbẹ́ èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó ń lọ nìyẹn, a kò ní ní ẹni tó máa ju ọwọ́ sí wa pàápàá. Oyún Wúràọlá ti wọ oṣù kẹfà. Òjò ti ń ṣú. Mo ti lọ bá wọn. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ yìí. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ pa mí léjìká bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, ó ní, "Ìyá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn." Wọn ò ní gbọ́ tèmi. Wọ́n á gbọ́ tìẹ.

Mi ò ní kí wọ́n gba oyè rẹ. Mi ò ní kí o jó ìwé rẹ níná. Ohun tí mo ní kí o ṣe ni kí o wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí o dìde níwájú wọn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé, "Ìbéèrè tí mo béèrè kọ́ ló yẹ kí n béèrè, mo sì wá lásìkò tí kò yẹ kí n wá. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì dúró títí màá fi padà wá lójò." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má fi owó ránṣẹ́ sí mi. Má ní kí ẹnikẹ́ni bá ọ bẹ̀ mí. Má sọ fún mi pé o máa gbé e yẹ̀ wò.

Ṣé wà á wá, àbí o ò ní wá? Bùsúyì, dá mi lóhùn.